Julia Margaret Cameron àti Ìmọ́lẹ̀ Ojú Fèrèsé Kan

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1863, Ìyáàfin Julia Margaret Cameron gba ẹ̀bùn kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà. Ẹ̀rọ ayàwòrán ni: àpótí igi ńlá kan tí awò dígí wà ní imú rẹ̀. Ọkọ Ìyáàfin Cameron ti rìnrìn àjò lọ sí erékùṣù Sẹ́lónì láti bojú tó oko kọfí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wọn ti túká. Ilé sì dá páropáro. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń rò kò ju pé kí ìyá wọn rí nǹkan fi pa ìrònú rẹ́. Ẹni ọdún 48 ni ìyá náà nígbà yẹn, kò sì tíì ya àwòrán tí ó tọ́ka sí rí. Kò sí ẹni tí ó lè rò ó nínú ilé náà pé láàárín ọdún mélòó kan ni àwọn ọlọ́gbọ́n, àwọn akéwì àti àwọn ọmọ ọba yóò máa jókòó níwájú àpótí yìí, tí ìyá náà yóò sì máa pàṣẹ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ mira.

Ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ni a ti bí i ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ọdún 1815. James Pattle ni orúkọ baba rẹ̀, òṣìṣẹ́ pàtàkì lábẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe àkóso Íńdíà nígbà náà; ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Faransé. Lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn arábìnrin rẹ̀ lókìkí nítorí ẹwà ojú wọn, ṣùgbọ́n a kì í ka Julia mọ́ wọn tí a bá ń sọ̀rọ̀ arẹwà. Ọgbọ́n orí, ọ̀yàyà àti ọwọ́ fífúnni ni tirẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1836, ó lọ sí Cape ní gúúsù Áfíríkà nítorí àìlera, kí ara rẹ̀ lè mókun. Ọkùnrin méjì ni ó bá pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan ni Charles Hay Cameron, amòfin tí ó fi 20 ọdún dàgbà jù ú lọ; ní ọdún 1838 wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Calcutta. Èkejì ni Sir John Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tí ó wá wo àwọn ìràwọ̀ ojú ọ̀run apá gúúsù. Herschel yìí kan náà ni ó wá oògùn tí kì í jẹ́ kí àwòrán parẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti yà á tán. Ní ọdún 1842, nígbà tí ìmọ̀ àwòrán yíyà ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó fi díẹ̀ nínú àwòrán tuntun wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Calcutta. Irúgbìn náà pẹ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó hù.

Ní ọdún 1848 ni tọkọtaya náà kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1860 wọ́n ra ilé méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Freshwater, ní Erékùṣù Wight, nítòsí ibi tí Alfred Tennyson, akéwì ọba, ń gbé. Wọ́n pe ilé náà ní Dimbola, orúkọ ọ̀kan nínú ilẹ̀ kọfí wọn ní Sẹ́lónì. Ọmọ mẹ́fà ni Ìyáàfin Cameron bí, ó sì tún ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Ryan, ọmọ Ireland tí ó rí níbi tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣagbe. Ó mú un sílé, ó kọ́ ọ ní ìwé, ó sì fi í ṣe ìránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà rí àwòrán Mary níbi tí a gbé pàtẹ àwòrán Ìyáàfin Cameron sí, ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì gbé e níyàwó ní ọdún 1867.

Kí a tó lè mọ rírì ohun tí obìnrin yìí ṣe, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ àwòrán yíyà ti nira tó láyé ìgbà náà. Ayàwòrán yóò da oògùn kan tí ó ki bí oyin sára dígí fífẹ̀, yóò máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè tàn kárí. Lẹ́yìn èyí yóò ri dígí náà sínú omi iyọ̀ fàdákà nínú yàrá òkùnkùn. Bí ó ti tutù báyìí ni yóò gbé e sínú ẹ̀rọ, tí yóò ṣí ojú ẹ̀rọ sí ẹni tí ó jókòó, tí yóò tún sáré gbé e padà sínú òkùnkùn láti fọ̀ ọ́. Bí dígí bá gbẹ kí a tó fọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Oògùn fàdákà náà a sì máa ta sára aṣọ àti ọwọ́, a sì máa sọ wọ́n di dúdú bí ẹni tí ó kó èédú.

Àwọn tí ó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní ìlú London ní ọ̀nà tiwọn. Nínú ilé tí ó ní òrùlé dígí ni wọ́n ti ń yàwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ń dà sórí ènìyàn láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kò sí ibi tí òjìji lè fara pamọ́ sí. Wọ́n a fi irin di orí oníbàárà mú láti ẹ̀yìn kí ó má baà mì. Àwòrán tí wọ́n ń tà jù kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: bọ́tìnnì ẹ̀wù hàn, ẹ̀wọ̀n aago hàn, ìran tí a yà sára ògiri ẹ̀yìn hàn, ṣùgbọ́n ojú ẹni náà fúnra rẹ̀ a rí pẹrẹsẹ bí àwo ìjẹun. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá sì ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ìyáàfin Cameron sọ ilé èédú rẹ̀ di yàrá òkùnkùn. Ilé adìẹ kan wà nínú ọgbà tí ó ní dígí lára. Ó kó àwọn adìẹ jáde, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé àwòrán. Ó tẹnu mọ́ ọn lẹ́yìn náà pé òun tú àwọn adìẹ náà sílẹ̀ ni, òun kò pa wọ́n jẹ. Kò mọ iṣẹ́ náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní Freshwater ni ó kọ́kọ́ jókòó fún un, ó sì ń sanwó fún ọkùnrin náà fún wákàtí tí ó bá lò. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde lára dígí, ìdùnnú kò jẹ́ kí ó mọ ibi tí ó ń fọwọ́ kàn: ó fi ọwọ́ nu ojú dígí náà, àwòrán sì pa rẹ́. Ó tún gbìyànjú láti ya ọmọdé méjì pọ̀. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe làálàá gidigidi, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó mì, iṣẹ́ tún dófo. Ní oṣù Kíní ọdún 1864 ni ó ya ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Annie Philpot, òun nìkan, èyí sì jáde dáadáa. Ní ọjọ́ kan náà ni ó fọ̀ ọ́, tí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí ó fi í sínú férémù, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí baba ọmọ náà. Ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé èyí ni àṣeyọrí òun àkọ́kọ́.

Ilé adìẹ náà ní dígí púpọ̀. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ojú pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ará London ni ìbá máa rí gbà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ. Ó bo apá kan, ó fa aṣọ sí apá kejì, ó tún dí díẹ̀ nínú ti òkè, títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ibì kan ṣoṣo wọlé, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ti fèrèsé kan nínú yàrá alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn. Ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. A máa kọ́kọ́ bọ́ sí iwájú orí, sí eegun imú àti sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó kọjú sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì a máa wọ inú òjìji. Láàárín méjèèjì ni ààlà kan wà, tí kì í ṣe ojú ìlà gbọnrangandan, bí kò ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkùnkùn. Ní ojú ààlà yìí ni gbogbo ohun tí ayé ti fi ṣe ènìyàn ti ń hàn: ìhunjọ awọ ara, àárẹ̀ abẹ́ ojú, ẹnu tí a pa mọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ní fèrèsé kan nílé lè dán an wò. Bí ẹni tí ó jókòó bá yí ojú sí fèrèsé díẹ̀, ààlà náà yóò sún sẹ́yìn, ojú yóò sì mọ́lẹ̀ sí i. Bí ó bá yí kúrò, òjìji yóò gba ìdajì ojú. Bí ó bá sún mọ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan yóò pọ̀ gidigidi, òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì jinlẹ̀. Bí a bá fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti òkè wá, ihò ojú yóò jìn, iwájú orí yóò sì yọ jáde. Bí aṣọ funfun bá wà ní apá òjìji, yóò da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ aṣọ dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà yóò rì pátápátá. Ìyáàfin Cameron fẹ́ràn aṣọ dúdú. Ó a máa fi we àwọn tí ó ń yà títí dé ọrùn, kí ọrùn ẹ̀wù tàbí bọ́tìnnì má baà jí ìmọ́lẹ̀ lò. Àwọn ènìyàn a sì máa fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti Rembrandt, ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Hólańdì, ẹni tí ó ti fi ọ̀dà kun irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sára aṣọ ní igba ọdún ṣáájú.

Ṣùgbọ́n owó kan wà tí ó ń san fún un. Bí a bá ti dín ìmọ́lẹ̀ kù, dandan ni kí ojú ẹ̀rọ wà ní ṣíṣí pẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹni tí ó jókòó yóò fi dúró láì mira. Kò sí ènìyàn tí kì í mí. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀, tí ìpéǹpéjú bá ṣẹ́, dígí yóò gbà á sílẹ̀, ojú yóò sì rí bàìbàì. Yàtọ̀ sí èyí, awò ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè mú gbogbo nǹkan hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà: bí ojú bá hàn, etí a di ìkùukùu. Ó mọ èyí. Bí ó bá ń yí awò náà, tí ó sì dé ibi tí ojú ẹni náà dára lójú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń dúró sí; kì í yí i síwájú láti mú kí gbogbo irun hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kò gbà. Nínú ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán ni wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tí, pé obìnrin náà kò mọ awò yí, pé àmì ìka rẹ̀ àti eruku wà lára dígí. Kò sì yẹ kí a sọ pé irọ́ pátápátá ni wọ́n ń pa. Àmì ìka wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú dígí mìíràn sì họ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka bọ́tìnnì nígbà tí ó ń wo ojú. Ní ọdún 1865 Ilé Àkójọ Ohun Ọnà ti South Kensington ní London ra púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, ní ọdún 1866 ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ìlú Berlin, ní ọdún 1868 ilé àkójọ náà sì yọ̀ǹda yàrá méjì fún un láti máa ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1867 ni ó ya èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀kan nínú àṣeyọrí rẹ̀ tí ó ga jù. Sir John Herschel ti di ẹni ọdún 75. Ìyáàfin Cameron kó ẹrù iṣẹ́ rẹ̀, àpótí, dígí àti ìgò oògùn, ó sì gbéra lọ bá a ní ilé rẹ̀ ní Hawkhurst ní agbègbè Kent. Ó ní kí àgbàlagbà náà lọ fọ irun rẹ̀ kí ó lè dìde, ó sì fi aṣọ àrán dúdú bò ó lára. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí irun funfun náà, irun ràn bí iná ìtànná. Ojú náà kò wo ibì kan pàtó. Ojú ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ òru ka ìràwọ̀ ni. Ohun mìíràn kò sí nínú àwòrán yìí, bí kò ṣe òkùnkùn àti ọkùnrin kan tí ń darúgbó.

Ní ọdún kan náà ni ó ya Julia Jackson, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 21, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá tààrà. Ìdajì ojú wà nínú ọ̀sán, ìdajì wà nínú òru, iṣan ọrùn sì yọ gbọnran. Kò wọ ohun ọ̀ṣọ́ kan. Ẹni tí ó bá ń wo àwòrán náà kò lè sọ bóyá ọmọbìnrin yìí ń retí ayọ̀ ni tàbí ó ń bẹ̀rù. Òun ni ó bí Virginia Woolf, òǹkọ̀wé olókìkí, ní ọdún 1882.

Ó ya Tennyson ní ọdún 1865. Akéwì náà fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun jọ àlùfáà onídọ̀tí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ya Thomas Carlyle. Charles Darwin, ẹni tí ó wá lo ìsinmi ní Freshwater ní ọdún 1868, gbà pé òun fẹ́ràn àwòrán tí ó ya òun ju gbogbo èyí tí àwọn mìíràn ti yà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ẹni ńlá nìkan. Mary Hillier, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó ń fi ṣe Màríà Wúńdíá lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sá fún un, nítorí bí ó bá mú ọmọ kan, ó lè so ìyẹ́ ẹyẹ ńlá mọ́ ọn léjìká, kí ó sì ní kí ó ṣe bí áńgẹ́lì títí apá yóò fi máa ro ó.

Ní oṣù Keje ọdún 1868 ni ọmọ kan dé Freshwater tí kò sẹ́ni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ wá. Alemayehu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọba Tewodros Kejì ti ilẹ̀ Etiópíà, tí a ń pè ní Abisíníà nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Magdala, ibi ààbò ọba náà, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tì mọ́lé. Nígbà tí ọba rí i pé ogun ti ṣẹ́ òun, ó fi ìbọn pa ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kó ìṣúra rẹ̀, wọ́n sì mú ọmọ náà lọ. Ìyá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún méje péré ni. Ọ̀gágun Speedy, tí ó gbọ́ èdè Amharic, ni a fi í lé lọ́wọ́, òun ni ó sì mú un wá sí Erékùṣù Wight, níbi tí Ọbabìnrin Victoria ti rí i.

Ìyáàfin Cameron yà á. Ó jókòó nínú aṣọ ilẹ̀ rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà tí ó bọ́ sára Herschel ni ó bọ́ sára ọmọ yìí, ìfẹ́ tí obìnrin náà ní sí ojú ènìyàn kò sì dín kù nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Gbogbo Ìlú Ọba ni ó ń fẹ́ rí ọmọ ọba tí a kó lógun, Ìyáàfin Cameron sì fi orúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin láti tà á. Àwọn tí ó rà á ra ìròyìn ìṣẹ́gun. Ohun tí wọ́n gbé lọ sílé ni ojú ọmọ òrukàn kan tí kò rẹ́rìn-ín.

Owó tí ó ń rí níbi àwòrán kò tó nǹkan. Kọfí Sẹ́lónì kò mú èrè wá bí a ti rò. Láti ọdún 1869 ni àrùn ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí ba oko àwọn àgbẹ̀ erékùṣù náà jẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni oògùn ojú dígí bẹ̀rẹ̀ sí là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ba 45 jẹ́ nínú àwọn dígí tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1873 ni ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ẹni tí ó fún un ní ẹ̀rọ ayàwòrán, kú. Ní ọdún 1875 òun àti ọkọ rẹ̀ palẹ̀ mọ́, wọ́n sì kó lọ sí Sẹ́lónì. Wọ́n ní ó gbé pósí lọ́wọ́, ó sì kó àwo ìjẹun sínú rẹ̀. Àwòrán díẹ̀ ni ó yà níbẹ̀, pàápàá ti àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àwọn ará abúlé. Omi tó dára kò rọrùn láti rí fún iṣẹ́ náà, ooru sì pọ̀.

Ó kú ní Sẹ́lónì ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kíní ọdún 1879, a sì sin ín sí àgbàlá ìjọ kan láàárín àwọn òkè ibẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Alemayehu kú ní ìlú Leeds, ọmọ ọdún 18. Windsor ni a sin ín sí, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbátan rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé egungun rẹ̀ padà sí Etiópíà. Ní ọdún 2023 ààfin dáhùn pé kò ṣeé ṣe. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní àwọn ilé àkójọ ní London.